Opinel Ọmọlúàbí, Okapi Jàgùdà

Ọ̀bẹ méjì wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Méjèèjì jẹ́ ọ̀bẹ àpò, irú èyí tí irin rẹ̀ máa ń ṣẹ́ padà wọnú èékù. Méjèèjì ní èékù igi. Irin méjèèjì máa ń dógùn-ún téèyàn bá gbàgbé wọn sínú omi. Kò sí èyí tó wọ́n nínú wọn. Owó tí mo fi ra méjèèjì pọ̀ kò tó owó bàtà kan tó dáa. Ọ̀kan ń jẹ́ Opinel, nọ́ńbà 8, Faransé ni wọ́n ti ṣe é. Ìkejì ń jẹ́ Okapi, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe tirẹ̀.

Àǹtí mi wá kí mi lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. London la wà, àwa méjèèjì. Wọ́n mú Opinel, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Èyí mà rẹwà o. Ṣé èso ni wọ́n fi ń gé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wá kan Okapi. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń fi ọ̀bẹ jàgùdà ṣe nínú ilé? Ṣé o fẹ́ kí ọlọ́pàá wá gbé ẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Àǹtí mi kì í kó ọ̀bẹ jọ. Wọn ò ka nǹkan kan nípa ọ̀bẹ rí, wọn ò sì mọ orúkọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ìdájọ́ tí wọ́n ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan ni ìdájọ́ táwọn tó ń kó ọ̀bẹ àpò jọ ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: ọ̀kan jẹ́ ọnà, ọ̀kan jẹ́ ohun ìjà. Níbo ni ìdájọ́ yẹn ti wá? Ṣé ara ọ̀bẹ ló wà, àbí ara ẹni tó mú un dání?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí gbogbo ayé ń yìn. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Joseph Opinel. Orí òkè ni abúlé wọn wà, ní agbègbè Savoie, kò jìnnà sí ìlú Saint-Jean-de-Maurienne, ibẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀ ti ń rọ àáké àti irinṣẹ́ oko. Ní 1890, nígbà tí Joseph jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó ṣe ọ̀bẹ àpò kan tó rọrùn débi pé ẹ máa rò pé ẹ̀yin náà lè ṣe é: igi kan tí wọ́n gbẹ́ roboto, tí wọ́n la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára, irin pẹlẹbẹ kan, ìṣó kan, òrùka kan. Nígbà tó fi máa di 1897, ó ti ń ṣe é ní ìwọ̀n 12, láti nọ́ńbà 1 dé nọ́ńbà 12. (Wọ́n padà yọ 1 àti 11 kúrò. Nọ́ńbà 1 kéré débi pé kí ló fẹ́ gé gan-an?) Ní 1909 ó yan àmì rẹ̀, ọwọ́ kan tí adé wà lórí rẹ̀. Ní 1955, Marcel Opinel fi òrùka kejì kún un, èyí téèyàn máa yí díẹ̀ kí irin má bàa ṣàdédé padé mọ́ ọn níka. Títí dòní, ohun márùn-ún péré lẹ máa bá tẹ́ ẹ bá tú u palẹ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Èékù rẹ̀ wú níbi tó yẹ kó wú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ọwọ́ bá dì í mú, ọwọ́ ò ní láti ronú. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń gba inú ọsàn kọjá bí ẹni ń rìn nínú ilé ara rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé ìmú rẹ̀ tẹ̀ sókè díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń pe ìrísí yẹn ní yatagan, orúkọ idà àwọn ará Tọ́kì àtijọ́. Idà ogun o! Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Opinel, kò sẹ́ni tó máa ń rántí ogun.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Igi beech ni èékù náà, igi sì máa ń mu omi. Tí òjò bá pa á, tàbí tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ kó o mọ́ abọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀, igi á wú, á di irin mú pinpin. Èékánná yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán kí ọ̀bẹ tó ṣí. Ohun táwọn ará Savoie máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbá ìdí èékù mọ́ nǹkan líle kí irin lè yọ orí jáde díẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ, coup du Savoyard. Ẹ ò rí nǹkan? Àléébù ti di àṣà ìbílẹ̀. Àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ máa ń gbá a báyìí níwájú àlejò pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, bí ẹni ń fi oyè hàn. Irin rẹ̀ máa ń dúdú tí ọsàn tàbí tòmátì bá kàn án. Ìyẹn náà lórúkọ, patina ni, wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀ kiri.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kì í jẹ́ ká gbàgbé pé ní 1985, Victoria and Albert Museum, níbí ní London, kà á mọ́ ohun 100 tó lẹ́wà jù láyé, òun àti ọkọ̀ Porsche 911. Ní 1989, orúkọ rẹ̀ wọ ìwé atúmọ̀ èdè Larousse. Ọ̀bẹ àgbẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ nínú èdè Faransé.

Ó wá kan Okapi. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1902, kì í sì í ṣe àwọn ará Jámánì ni wọ́n ṣe é fún. Ọjà àwọn ilẹ̀ tí Jámánì gbà ní Áfíríkà ni. Togo wà lára wọn nígbà yẹn, Cameroon náà wà ńbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sì tó ìtàn gbọ́. Okapi jẹ́ ẹranko kan nínú igbó Congo, ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ṣùgbọ́n àgùnfọn ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú igbó yẹn ti mọ̀ ọ́n láti ayébáyé, àmọ́ ọdún 1901 làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ tiwọn. Ìròyìn ńlá ni lọ́hùn-ún. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti wà lára ọ̀bẹ.

Àwọn àgbà ní inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Opinel ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe é. Okapi ń jẹ́ orúkọ tí ẹni tó ṣe é fi ń ro ẹni tó máa rà á. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà àwọn ọ̀bẹ méjèèjì ti pínyà, kí ẹnikẹ́ni tó gún ẹnikẹ́ni. (Okapi nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe báyìí fún. Ní ìlú Thiers ní Faransé, ní 1929, wọ́n ṣe ọ̀bẹ àpò kan tí wọ́n pè ní Douk-Douk, wọ́n ya àwòrán ẹ̀mí àìrí àwọn ará Melanesia sí i lára, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará Algeria. Melanesia àti Algeria! Ṣebí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, ilẹ̀ òkèèrè náà ni gbogbo rẹ̀.)

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe Okapi tèmi. Èékù rẹ̀ jẹ́ igi tí wọ́n kùn kó máa dán, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n tẹ irin kéékèèké bí oṣù àti ìràwọ̀ mọ́ igi náà lára. Òrùka kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ téèyàn gbọ́dọ̀ fà kí ọ̀bẹ tó lè padé. Tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, eyín irin kan á máa gun orí òmíràn: ká, ká, ká, ká. Ohùn yẹn ni gbogbo èèyàn fi ń dá a mọ̀. Ní 1988, ó kúrò ní Jámánì pátápátá. Isithebe ní KwaZulu-Natal ni wọ́n ti ń ṣe é látìgbà yẹn. Àgbẹ̀ ń lò ó, apẹja ń lò ó, òṣìṣẹ́ oko fi ń gé búrẹ́dì jẹ lọ́sàn-án. Ẹ pààrọ̀ orúkọ ìlú, Opinel gẹ́lẹ́ ni mo ń sọ.

Ṣùgbọ́n òkìkí tó kàn yàtọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n bá dárúkọ Okapi, tsotsi ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn ọmọ ìta. Ní Jamaica, wọ́n ń pe irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ní ratchet, nítorí ohùn eyín irin yẹn, ó sì di ohun ẹ̀ṣọ́ àwọn rude boy ní àwọn ọdún 1960. Ẹni tó bá ti wo The Harder They Come, fíìmù tí Perry Henzell ṣe ní 1972, máa rántí ibi tí Ivan, tí Jimmy Cliff ṣe, ti yọ ọ̀bẹ nítorí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Fíìmù tó dáa ni o. Àmọ́ látìgbà yẹn lọ, ta ló fẹ́ rí ọ̀bẹ yẹn kó rántí ọsàn?

Èmi náà lẹ́jọ́ tí mo fẹ́ bá Okapi rò, kí ẹ má rò pé mo ń ṣe ojúsàájú nítorí pé Áfíríkà ló ti wá. Irin tèmi ń mì lórí ìdè rẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Kíkùn ara rẹ̀ ti ń ṣí. Tẹ́ ẹ bá fi igi Opinel wé igi Okapi, ẹ máa mọ èyí tí wọ́n fi sùúrù ṣe. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Tí Opinel bá wú tí kò ṣí, ìwà rẹ̀ nìyẹn, ẹ gbá a díẹ̀. Tí Okapi bá ń mì, iṣẹ́ jákujàku ni. Kò sẹ́ni tó wá orúkọ Faransé fún mímì rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ohùn yẹn ló fa gbogbo rẹ̀, pé ká-ká-ká yẹn ń dẹ́rù ba èèyàn fúnra rẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, àfìgbà tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa navaja. Ọ̀bẹ àpò ńlá ti àwọn ará Sípéènì ni, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ní eyín irin kan náà, òrùka kan náà, ohùn kan náà. Ní tòótọ́, ẹni tó bá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa sọ pé navaja ló bí Okapi. Wọ́n fi navaja jà, wọ́n fi pa èèyàn, àwọn aláṣẹ Sípéènì sì fòfin dè é láwọn ìgbà kan ní àwọn ọdún 1700. Lónìí ńkọ́? Ní ìlú Albacete, odindi mùsíọ́ọ̀mù ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́. Ohùn eyín irin yẹn ní orúkọ tirẹ̀, carraca, àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ sì máa ń gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ agogo. Ohùn kan náà! Ní Albacete, orin ni. Ní Kingston, ìhàlẹ̀ ni.

Ohun tí mo wá rí nìyí, ẹ sì lè bá mi jiyàn lé e lórí: kì í ṣe pé navaja ò pààyàn rí ló fi di ọnà. Ó di ọnà nígbà tí àwọn tó ń mú un kiri ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn jàgùdà Sípéènì ti kú tipẹ́, wọ́n ti di ìtàn, wọ́n ti wọ opera. Àwọn àgbẹ̀ Savoie ò tiẹ̀ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ọmọ dúdú tó ń rìn lójú títì lálẹ́, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wọ́n, torí náà ọ̀bẹ tí wọ́n rò pé ó wà lápò rẹ̀ ò tíì lè wọ mùsíọ́ọ̀mù.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe báyìí. Ní ilé wa náà, àdá tó wà léjìká àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn kò ní kí ẹnikẹ́ni sá. Ẹ gbé àdá kan náà fún ọmọkùnrin kan ní gáréèjì lọ́jọ́ ìdìbò, ká wá wo ẹni tó máa dúró bi í bóyá ó pọ́n ọn dáadáa. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èékù ara rẹ̀. Ẹlòmíì ló ń bá a gbẹ́ ẹ, ẹlòmíì náà ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Mo wá dé orí òfin, nítorí London ni mo ń gbé, ọ̀rọ̀ yìí sì lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Òfin tó de mímú ọ̀bẹ jáde ní England àti Wales wà nínú Criminal Justice Act ti 1988, abala 139. Ọ̀bẹ àpò tó ń ṣẹ́, tí ibi tó ń gé nǹkan lára rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ, kò sí wàhálà. Ní 1993, ilé ẹjọ́ là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀bẹ tó bá ní ohun tó ń dè é gbagidi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i kì í ṣe ọ̀bẹ àpò lójú òfin. Téèyàn bá sì fẹ́ mú irú rẹ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́, bí iṣẹ́, ẹ̀sìn, tàbí aṣọ ìbílẹ̀. (Ẹ rántí àwọn ará Scotland tó ń ki ọ̀bẹ bọ ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wọn yé òfin.)

Irin Opinel nọ́ńbà 8 gùn tó sẹ̀ńtímítà 8.5; ínǹṣì 3 kò tó sẹ̀ńtímítà 8. Òrùka tí Marcel Opinel fi kún un ní 1955 sì ń dè é gbagidi. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì nìyẹn lára ọ̀bẹ kan. Ọ̀bẹ tí mùsíọ́ọ̀mù kan ní South Kensington kà mọ́ ohun tó lẹ́wà jù láyé, tẹ́ ẹ bá fi sápò tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà mùsíọ́ọ̀mù yẹn láìní ìdí gúnmọ́, ọ̀daràn ni yín. Okapi náà, ọ̀daràn. Lójú òfin, dọ́gba-n-dọ́gba ni wọ́n, inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin kì í rìn lójú títì, ọlọ́pàá ló ń rìn. Àkọsílẹ̀ ìjọba fúnra wọn ń fi hàn lọ́dọọdún pé wọ́n ń dá èèyàn dúdú dúró láti tú àpò rẹ̀ wò ju òyìnbó lọ fíìfíì. Nígbà tí mo bá rí àwọn tó ń to ohun inú àpò wọn sórí tábìlì fún fọ́tò, àgogo ọwọ́, kọ́kọ́rọ́, Opinel kan tó ti dúdú dáadáa, mo máa ń rò ó pé gbogbo nǹkan ni wọ́n kó síbẹ̀ tán, ó ku ìfọ̀kànbalẹ̀ tí wọ́n fi ń mú un jáde. Ìyẹn ò hàn nínú fọ́tò, òun ló sì wọ́n jù níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa mú ọ̀bẹ kiri. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ní ìlú yìí kì í ṣe eré. Àwọn ìyá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àǹtí mi tí wọn kì í sùn títí ọmọ wọn ọkùnrin á fi wọlé. Bí ẹ bá ronú nípa ìyẹn, ẹ máa mọ̀ pé àǹtí mi ò ya òmùgọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ kan Okapi. Kì í ṣe ọ̀bẹ ni wọ́n rí. Ojú títì ni wọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń pààyàn nílẹ̀ yìí, ọ̀bẹ ìdáná lásán ló pọ̀ jù, irú èyí tí àǹtí mi fi ń gé ẹ̀fọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ọ̀bẹ jàgùdà.

Ohun tó tún ń bí mi nínú díẹ̀ ni àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ láìfi gé nǹkan kan rí. Wọ́n á rà á, wọ́n á fi epo pa á, wọ́n á tì í mọ́ àpótí. Tí wọ́n bá tiẹ̀ wá ra Okapi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe ni pé wọ́n á yọ èékù rẹ̀ sọnù, wọ́n á fi igi olówó iyebíye rọ́pò rẹ̀, wọ́n á hú oṣù àti ìràwọ̀ kúrò. Ó máa ń rẹwà lóòótọ́. Ó tún máa ń jọ ẹni tí wọ́n fi dandan mú pààrọ̀ orúkọ kó tó ríṣẹ́.

Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì? Tí ẹ bá ní kí n gé ọsàn, Opinel ni mo máa mú. Tó bá jẹ́ okùn, tàbí nǹkan tó gba kéèyàn fà á wá sápá ara rẹ̀, èékù Okapi tó tẹ̀ yẹn ń di ọwọ́ mú ju ti Opinel lọ, ọwọ́ kì í sì í yọ̀ níbẹ̀. Mo ti lo méjèèjì fún ọdún kan báyìí nínú ilé, mi ò mú ìkankan kọjá ilẹ̀kùn rí. Irin méjèèjì ti dúdú bákan náà. Tí ẹ bá fi ọwọ́ bo èékù wọn, ẹ ò ní mọ èyí tí í ṣe ọnà.

Lóṣù tó kọjá, àǹtí mi fẹ́ rìnrìn àjò lọ sílé. Báàgì Ghana-Must-Go mẹ́ta ló wà nílẹ̀, wọ́n ti fi okùn ọ̀rá dì wọ́n mọ́ra ní ìdì tó le, wọ́n wá rántí pé òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú ti ìsàlẹ̀. Mo gbé Opinel wá. Ó yọ̀ lórí okùn, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àǹtí mi wo aago, wọ́n wò mí, wọ́n na ọwọ́.

"Gbé ti jàgùdà yẹn wá jàre."